Ìgbà wo ló yẹ ká gbin kí ni nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé? Ẹ bá wa dá sí i

Ọwọ́tútù
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọgbà. Mo ti ro ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa, mo ti kọ ebè, mo sì ti da ajílẹ̀ sí i. Tòmátò, ata, ilá, kùkúńbà, àlùbọ́sà, létùùsì, kárọ́ọ̀tì àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni mo fẹ́ gbìn, pẹ̀lú igi eléso méjì tàbí mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Àsìkò ló ń dà mí láàmú. Ẹ̀yìn páálí irúgbìn kan ní oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, òmíràn ní oṣù kẹsàn-án, fídíò tí mo wò ní ìgbàkigbà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn dárúkọ oṣù fún mi. Ẹ sọ ìdí rẹ̀, kí n lè máa dá àsìkò mọ̀ fúnra mi.

Ìyá Ọlọ́gbà
Ẹ káàbọ̀ sáàárín wa, Ọwọ́tútù. Inú mi dùn pé ìdí lẹ̀ ń béèrè.

Àwọn páálí yẹn kò purọ́. Ibi tí wọ́n ti ń ta irúgbìn náà ni wọ́n fi ṣírò oṣù. Ní ìdajì ayé tó wà lápá àríwá, oṣù kẹta ni òtútù máa ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí igi á bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé. Ní apá gúúsù, oṣù kẹta kan náà ni ìgbà ìwọ́wé ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́bàá ìlà agbedeméjì ayé, kò sí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Òjò ló ń pín ọdún níbẹ̀. Kódà bí ìlú méjì bá wà nítòsí ara wọn, tí ọ̀kan wà lórí òkè tí èkejì wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, àsìkò wọn kò ní bára mu, torí pé téèyàn bá gun òkè tó 1,000 mítà, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á fi nǹkan bíi 6°C tutù ju ti ìsàlẹ̀ lọ.

Ohun mẹ́ta ló ń sọ fún irúgbìn pé àsìkò ti tó: bí ilẹ̀ ṣe móoru tó, omi tó wà nínú ilẹ̀, àti bí ojúmọmọ ṣe gùn tó. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ooru ilẹ̀, àwọn yòókù á mú ìyókù.

Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Oòrùn lè mú ganrínganrín lọ́sàn-án kí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ṣì tutù. Ẹ wá tẹmọ́mítà kékeré, ẹ tì í bọ inú ilẹ̀ tó bíi 5 sẹ̀ǹtímítà, kẹ́ ẹ sì kà á láàárọ̀ kí oòrùn tó ta sí i, fún ọjọ́ mélòó kan léraléra. Àárọ̀ ni ilẹ̀ máa ń tutù jù. Bí ti àárọ̀ bá ti tó, kò sí ìyọnu.

Létùùsì àti sípíńáṣì lè hù nínú ilẹ̀ tí kò ju 5°C lọ. Kárọ́ọ̀tì náà á hù ní nǹkan bíi 7°C, àmọ́ ó máa ń lọ́ra. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú ilẹ̀ kí ẹ tó rí i, nítorí náà ẹ má tú ebè rẹ̀ ká pé kò hù. Ẹ̀wà àti tòmátò fẹ́ tó 16°C. Ata, ilá àti kùkúńbà fẹ́ 18°C ó kéré tán, wọ́n sì máa ń ya kánkán bó bá sún mọ́ 25°C. Bàrà olómi fẹ́ 21°C. Ẹ má rò pé hóró ilá á kàn fara balẹ̀ sínú ilẹ̀ tútù títí ooru á fi dé o. Jíjẹrà ló máa ń jẹrà.

Ilẹ̀ náà sì lè gbóná jù. Létùùsì ni ẹ óò kọ́kọ́ rí i lára rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń kọjá nǹkan bíi 27°C, ọ̀pọ̀ hóró rẹ̀ á kọ̀ láti hù, bó ti wù kẹ́ ẹ bomi rin ín tó. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ gbìn ín nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ ta nǹkan bò ó fún ìbòòji, kẹ́ ẹ sì máa fi omi tútù wọ́n ọn títí á fi hù.

Bàbá Òjò
Ẹ ṣé, Ìyá. Níbi tí ilẹ̀ kì í tutù rárá, omi ni olórí ọ̀rọ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ ló máa ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Bó bá ti rọ̀ báyìí, òórùn ilẹ̀ á gba afẹ́fẹ́ kan, ọwọ́ á máa yún olóko. Hóró á mu omi, á hù, òjò á wá dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀, gbogbo ọ̀mùnú á sì gbẹ. Kì í ṣe òjò tó rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lẹ máa wò, bí omi ṣe wọlẹ̀ tó ni. Ẹ fi ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀ wò. Bí ọ̀rinrin bá ti dé ìsàlẹ̀ tó nǹkan bíi 15 sẹ̀ǹtímítà, tí òjò mìíràn sì tún ti rọ̀ lé e kí ó tó gbẹ, ẹ lè máa gbìn. Ẹni tó ní omi tó dájú, yálà kànga tàbí ẹ̀rọ, lè gbìn ṣáájú òjò, ṣùgbọ́n kó ti pinnu pé òun á máa bomi rin ín lójoojúmọ́ títí òjò á fi fìdí múlẹ̀.

Omi àpọ̀jù náà ń ba nǹkan jẹ́. Ẹ bu erùpẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un mọ́wọ́, kẹ́ ẹ wá fi ìka tì í. Bó bá fọ́ wẹ́wẹ́, ilẹ̀ ti yá. Bó bá kàn tẹ̀ láì fọ́, ẹ fi sílẹ̀ kó fà díẹ̀ sí i. Téèyàn bá ro ilẹ̀ tó rin gbindin, tàbí tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó máa ń le gbandi bó bá gbẹ, gbòǹgbò kò sì ní ráyè wọlé fún gbogbo àsìkò yẹn.

Ọ̀rọ̀ tòmátò wá yàtọ̀. Ó fẹ́ omi nídìí, àmọ́ kò fẹ́ òjò lórí. Ewé tó ń fi ojoojúmọ́ tutù ló máa ń kó àrùn, èso tó sì ń mu omi lójijì á là. Níbi tí òjò ti ń rọ̀ gidigidi, mo máa ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi irúgbìn rẹ̀ sí nọ́sìrì, ìyẹn ibi tí a ti ń tọ́ ọmọ irúgbìn ká tó ṣí i lọ sórí ebè, nígbà tí òjò bá ku bí oṣù méjì kó tán. Bó bá fi máa tanná, òjò á ti ń dínkù. Bó bá fi máa pọ́n, ojú ọjọ́ á ti mọ́. Ilá, tẹ̀tẹ̀ àti àgbàdo ni kẹ́ ẹ fi ìbẹ̀rẹ̀ òjò gbìn.

Ọwọ́tútù
Ẹ ṣeun gan-an. Òtútù máa ń mú níbi tí mo wà, ìrì dídì sì máa ń bọ́. Nígbà tí ata bá fẹ́ ilẹ̀ gbígbóná, tó sì ń pẹ́ kó tó so, ṣé ooru ò ní tán kí n tó kórè?

Afúnrúgbìn
Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbìn ín sínú ilé ṣáájú. Ẹ óò fi ẹ̀yìn ka ọjọ́ ni.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ọjọ́ méjì: ìgbà wo ni ìrì dídì máa ń bọ́ kẹ́yìn lágbègbè yín, ìgbà wo ló sì máa ń padà dé? Ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ojú ọjọ́ máa ń ní àkọsílẹ̀ rẹ̀, àwọn tó sì ti ń dáko níbẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́ á mọ̀ ọ́n. Kí ẹ rántí pé ìdajì-sí-ìdajì ni ọjọ́ tí wọ́n sábà máa ń kọ sílẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé nínú ọdún méjì, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan wà tí ìrì dídì á tún bọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kún un fún ohunkóhun tí òtútù lè pa.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹ máa kà á padà sẹ́yìn. Ata fẹ́ ọ̀sẹ̀ 8 sí 10 ní nọ́sìrì inú ilé. Tòmátò fẹ́ ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Kùkúńbà kò fẹ́ ju ọ̀sẹ̀ 3 tàbí 4 lọ, torí ó máa ń tètè dàgbà, kò sì fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan gbòǹgbò rẹ̀. Inú ike tirẹ̀ ni kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti hù. Kárọ́ọ̀tì ò ní nọ́sìrì ní tirẹ̀. Ibi tó máa gbé dàgbà ni kẹ́ ẹ wọ́n ọn sí, nítorí bí ẹ bá ṣí i nípò, gbòǹgbò rẹ̀ á pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ.

Ẹ wo iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sẹ́yìn páálí. Ti tòmátò àti ata, ọjọ́ tí ẹ bá ṣí wọn láti nọ́sìrì lọ sórí ebè ni wọ́n sábà máa ń kà á láti. Ti ilá, ẹ̀wà àti kárọ́ọ̀tì, ọjọ́ tí hóró wọlẹ̀ ni. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí á rò pé tòmátò ọlọ́jọ́ 70 á pọ́n ní ọjọ́ 70 tó gbé hóró rẹ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ṣì ku oṣù kan àbọ̀ sí méjì.

Fún ìparí àsìkò, ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ọjọ́ tí ìrì dídì máa ń padà dé. Ká ní ilá yín ń lo ọjọ́ 60 kó tó so, ẹ sì fẹ́ máa ká a fún oṣù kan, ìyẹn di 90. Ẹ fi bí ọ̀sẹ̀ méjì kún un, torí ojúmọmọ á ti máa kúrú, ohun gbogbo á sì máa falẹ̀ nígbà yẹn. Bí ọjọ́ tó kù kó tó di ìgbà ìrì dídì kò bá tó 104, ẹ gbin ẹ̀fọ́ tó fẹ́ràn ìtutù dípò rẹ̀.

Bí ẹ bá ń gbé ọmọ irúgbìn jáde láti inú ilé, ẹ má gbé e sínú oòrùn lójú ẹsẹ̀. Wákàtí kan tàbí méjì lábẹ́ ìbòòji lọ́jọ́ kìíní, kẹ́ ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ 7 sí 10, kẹ́ ẹ tó ṣí wọn sórí ebè. Ìrọ̀lẹ́ tàbí ọjọ́ tí ìkùukùu bo oòrùn ló dára jù fún ìṣígbìn náà.

Ewéko Tútù
Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo rò pé ìdúródè yìí ti ń pọ̀ jù. Ẹni tó bá tètè gbé tòmátò rẹ̀ jáde á tètè kórè. Kí ló dé téèyàn kò ní fi aṣọ bò ó lálẹ́, kó sì máa lọ?

Ìyá Ọlọ́gbà
Ewéko, aṣọ tí ẹ bò ó lálẹ́ á dáàbò bo ewé, àmọ́ gbòǹgbò wà nínú ilẹ̀ tútù. Tòmátò tó bá wà nínú ilẹ̀ tí kò tíì móoru á kàn dúró sójú kan ni, ewé rẹ̀ á máa pọ́n bí àlùkò nítorí kò lè fa oúnjẹ inú ilẹ̀ bó ṣe yẹ. Èyí tí wọ́n gbé jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ ti gbóná, sábà máa ń lé e bá. Bí ẹ bá fẹ́ sáré gan-an, ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú gbóná: ẹ ta ọ̀rá dúdú sórí ebè fún ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ tó gbìn, kẹ́ ẹ sì kọ ebè náà ga. Lórí ìyẹn, mo gbà fún yín.

Ewéko Tútù
Ó yé mi, Ìyá. Màá ta ọ̀rá sórí ìdajì ebè mi, màá sì fi ìdajì sílẹ̀.

Ọwọ́tútù
Ìbéèrè kan rèé. Tòmátò aládùúgbò mi tanná rẹpẹtẹ nígbà tí ooru mú gan-an, àmọ́ gbogbo òdòdó náà ló rẹ̀ dànù. Ó ń bomi rin ín dáadáa. Ṣé ooru lè pọ̀ jù fún ohun tó fẹ́ràn ooru ni?

Ìyá Ọlọ́gbà
Ó lè pọ̀ jù. Bí ọ̀sán bá ti ń kọjá nǹkan bíi 32°C sí 35°C lọ́jọ́ dé ọjọ́, tí òru náà kò sì sọ̀ kalẹ̀ dé 24°C, lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó tòmátò, ìyẹn ìyẹ̀fun tó ń mú kí òdòdó so, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, òdòdó á sì já. Bí òru bá tún tutù ju 13°C lọ, bákan náà ló máa rí. Igi náà kò kú. Bí ojú ọjọ́ bá rọ̀, á tún tanná, á sì so. Nítorí náà, oṣù tí tòmátò yóò máa tanná ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yàn. Ẹ wá fi ìyẹn mọ ọjọ́ tí hóró rẹ̀ máa wọ nọ́sìrì. Tàtàṣé máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, ju ata wẹ́wẹ́ lọ. Ilá ni kì í bìkítà. Ooru yẹn gan-an ló ń wá.

Ọmọ Alálùbọ́sà
Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ojúmọmọ tí Ìyá fi sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni àlùbọ́sà ti ń já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀, tí wọn kò sì mọ ohun tó fà á. Ewé á hù dáadáa, á tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò ní ta.

Wákàtí ìmọ́lẹ̀ ni àlùbọ́sà ń kà. Oríṣi kan wà tó jẹ́ pé bí ojúmọmọ bá ti tó wákàtí 10 sí 12, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Òmíràn fẹ́ 12 sí 14. Ẹ̀kẹta fẹ́ 14 sí 16. Lẹ́bàá ìlà agbedeméjì ayé, ojúmọmọ máa ń wà ní nǹkan bíi wákàtí 12 láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí, nítorí náà ẹni tó bá gbin oríṣi kẹta níbẹ̀ á kàn máa rí ewé ni. Ní ibi tó jìnnà sí i, tí ọjọ́ ń gùn gan-an nígbà ooru, bí ẹ bá gbin oríṣi kìíní ní ìgbà ìrúwé, á ta kíákíá kó tó dàgbà, á sì kéré bíńtín. Ẹ béèrè irú èyí tó jẹ́ kẹ́ ẹ tó ra irúgbìn.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbìn ín ní kùtùkùtù tó máa fi lè ní ewé púpọ̀ kí ojúmọmọ tó dé iye tó ń retí. Ìpele kọ̀ọ̀kan tí ẹ ń rí nínú àlùbọ́sà tí ẹ bá là, ìdí ewé kan ni. Ewé mẹ́fà ò lè fún yín ní ohun tí ewé mẹ́wàá á fún yín. Hóró rẹ̀ máa ń lo ọ̀sẹ̀ 8 sí 10 ní nọ́sìrì, kò sì bẹ̀rù òtútù díẹ̀, torí náà ẹ lè ṣí i sórí ebè ṣáájú tòmátò.

Aáyù ẹ̀wẹ̀ fẹ́ òtútù. Ní ibi tí òtútù ń mú, ìgbà ìwọ́wé ni wọ́n ń gbin awẹ́ rẹ̀, kó lè lo ìgbà òtútù nínú ilẹ̀. Bí òtútù kò bá mú un rárá, odindi kan tí kò pín sí awẹ́ lẹ máa hú jáde.

Sípíńáṣì àti létùùsì pẹ̀lú ń ka wákàtí. Bí ọjọ́ bá gùn tí ooru sì dé, wọ́n á na ọrùn sókè, wọ́n á tanná, ewé wọn á sì korò. Ewédú àti tẹ̀tẹ̀ wá yí i padà: ọjọ́ kúkúrú ló ń mú wọn tètè tanná, tí ewé wọn á sì wẹ́. Bí ẹ bá ní àǹfààní rẹ̀, ẹ gbìn wọ́n nígbà tí ọjọ́ ń gùn sí i. Hóró ewédú ní èèpo líle. Ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ rì í bọ inú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kẹ́ ẹ sì yọ ọ́ kíá. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni á máa hù, èyí tó hù lónìí kò ní bá ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dọ́gba.

Abẹ́ Òdòdó
Ẹ jọ̀ọ́, òṣùpá ńkọ́? Wọ́n ní ohun tó ń so lókè ni ká gbìn nígbà tí òṣùpá bá ń dàgbà, kí ohun tó ń ta nínú ilẹ̀ jẹ́ ìgbà tó bá ń fà sẹ́yìn.

Bàbá Òjò
Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ káàkiri ayé ló ń tẹ̀ lé e, n kò sì ní fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Àmọ́ àwọn onímọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò kò rí ẹ̀rí tó múná dóko pé ó ń yí bí nǹkan ṣe ń hù padà. Bí ilẹ̀ bá ti móoru tó, tí omi sì wà níbẹ̀, ẹ má torí òṣùpá jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá lórí òfìfo ebè.

Ewéko Tútù
Ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ: ẹ má gbin gbogbo hóró yín lọ́jọ́ kan náà! Ọ̀pọ̀ ló máa ń wọ́n gbogbo páálí létùùsì sílẹ̀, nígbà tó bá sì yá, ogójì létùùsì á jọ gbó lọ́sẹ̀ kan, lẹ́yìn ìyẹn kò tún sí mọ́.

Tẹ̀tẹ̀ máa ń tó fà tu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ pín ebè rẹ̀ sí mẹ́ta, kẹ́ ẹ máa fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí ọjọ́ mẹ́wàá sí àárín ìgbà tí ẹ gbin ọ̀kan àti ìgbà tí ẹ gbin ìkejì. Tàbí kí ẹ máa gé e lókè dípò kí ẹ fà á tu, á tún rúwé. Létùùsì, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Kárọ́ọ̀tì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà máa ń tanni nínú èyí pẹ̀lú, torí nígbà òtútù, ohun tí ẹ gbìn lónìí àti èyí tí ẹ gbìn ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i lè jọ gbó pa pọ̀. Ohun tó dára jù ni kí ẹ wo èyí tó wà nílẹ̀: nígbà tí ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ bá ti ní ewé gidi, ìyẹn lẹ́yìn ewé méjì tó máa ń kọ́kọ́ yọ, ẹ gbin ọ̀wọ́ kejì.

Àgbàdo nìkan ni kò fẹ́ kí ẹ pín òun wẹ́wẹ́ jù. Atẹ́gùn ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ kiri, nítorí náà ẹ gbìn ín pọ̀ lójú kan, ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ó bá jẹ́ ìlà gbọọrọ kan ṣoṣo, ṣíṣán ni ọmọ rẹ̀ máa ń ṣán.

Kí àsìkò tó dé, ẹ dán irúgbìn yín wò. Ẹ ká hóró mẹ́wàá sínú aṣọ tútù, ẹ fi sínú ọ̀rá, kó wà níbi tó móoru. Bí mẹ́jọ bá hù, ó dára. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin, ẹ gbìn ín nípọn ní ìlọ́po méjì tàbí kí ẹ wá òmíràn. Hóró àlùbọ́sà kì í sábà kọjá ọdún kan sí méjì kó tó kú. Ti tòmátò àti kùkúńbà máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹni tí kò bá dán an wò lè pàdánù àsìkò gan-an, kì í ṣe hóró nìkan.

Bàbá Eléso
Mo ti ń dúró kí ọ̀rọ̀ kan igi. Bí ẹ̀fọ́ bá kùnà, ẹ óò tún un gbìn láìpẹ́. Igi tí ẹ gbìn lásìkò tí kò yẹ lè fi ọdún bíi mélòó kan ràrẹ̀ kó tó gbádùn.

Níbi tí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn wà, ẹ gbin igi nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, kì í ṣe nígbà tó bá ń lọ sópin. Ohun tí ẹ ń wá ni pé kí gbòǹgbò rẹ̀ rí gbogbo ìgbà òjò fi wọlẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó bá a. Ẹni tó gbìn ín ní ìparí òjò ti gba iṣẹ́ pípọn omi fún oṣù bíi mélòó kan.

Níbi tí òtútù ń mú, bíi tẹ̀yin Ọwọ́tútù, ẹ wo irú igi tó jẹ́. Àwọn tó ń wọ́wé, bí ápù, ìgbà tí wọn kò ní ewé lórí ni kẹ́ ẹ gbìn wọ́n, kí ọ̀mùnú wọn tó là, níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ kò bá dì. Igi náà ń sinmi nígbà yẹn, kò ní mọ̀ pé wọ́n ṣí òun nípò. Àwọn tó ń fi gbogbo ọdún tutù, bí ọsàn, ẹ dúró kí ìrì dídì kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá. Ápù tún nílò òtútù kó tó lè tanná dáadáa. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ń fẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún wákàtí tí kò ju 7°C lọ láàárín ìgbà òtútù. Ẹni tó wà níbi tó móoru gbọ́dọ̀ wá irú èyí tí kò béèrè púpọ̀.

Bí ó bá jẹ́ hóró lẹ fẹ́ gbìn, máńgòrò àti píà kò ṣeé tọ́jú. Bí hóró wọn bá gbẹ, ó ti kú nìyẹn, torí náà ẹ gbìn ín láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ẹ jẹ èso rẹ̀. Hóró ọsàn náà kò fẹ́ gbígbẹ. Ṣùgbọ́n igi tó hù láti inú hóró máa ń pẹ́. Máńgòrò lè lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó so, ó sì lè má jọ ìyá rẹ̀. Èyí tí wọ́n ti lẹ ẹ̀ka igi tó ti ń so mọ́ lára lè so láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ yan èyí tí wọ́n lẹ̀.

Bí ẹ kò bá fẹ́ dúró pẹ́, tí ibi tí ẹ wà sì móoru, ìbẹ́pẹ ni kẹ́ ẹ gbìn. Ó lè so láàárín oṣù 9 sí 12. Ẹ fi ọmọ irúgbìn mẹ́ta sójú kan, torí akọ àti abo wà nínú rẹ̀, ẹ kò sì lè mọ̀ títí á fi tanná. Nígbà náà lẹ óò yọ èyí tí ẹ kò fẹ́. Kí ilẹ̀ rẹ̀ máa jò, nítorí omi tó bá dúró sídìí rẹ̀ fún ọjọ́ méjì lè pa á. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń lo oṣù 9 sí 15. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí ẹ fi ewé orí rẹ̀ gbìn lè tó ọdún méjì. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, á yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọwọ́tútù
Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere. Mo ti ra tẹmọ́mítà, mo sì ń kà á láràárọ̀. Ilẹ̀ mi wà láàárín 12 sí 14°C. Ọjọ́ tí wọ́n kọ pé ìrì dídì máa ń bọ́ kẹ́yìn níbí ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo fún erùpẹ̀ mọ́wọ́, ó fọ́ wẹ́wẹ́. Tòmátò àti ata ti hù nínú ilé lẹ́bàá fèrèsé. Kí ni kí n gbin báyìí?

Ìyá Ọlọ́gbà
Ẹ káre! Létùùsì àti kárọ́ọ̀tì, ẹ gbìn wọ́n lónìí, sórí ebè tààrà. Ẹ wọ́n ìdajì létùùsì nìkan, kẹ́ ẹ fi ìyókù pa mọ́. Hóró rẹ̀ wẹ́, ẹ má bo erùpẹ̀ púpọ̀ lé e, ìmọ́lẹ̀ máa ń ràn án lọ́wọ́. Bí ẹ bá ti ní ọmọ àlùbọ́sà, ó lè bọ́ sórí ebè lọ́sẹ̀ yìí.

Fún tòmátò àti ata, ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún sí i nínú ilé, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn síta díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí ọjọ́ ìrì dídì bá ti kọjá. Ata ni kó jáde kẹ́yìn nínú méjèèjì. Kùkúńbà, ẹ fi hóró rẹ̀ sínú ike ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì sí àsìkò yìí. Bí ápù bá wà nínú àwọn igi tí ẹ fẹ́ rà, ẹ yára, kó má lọ jẹ́ pé ó ti rúwé.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan tẹ̀tẹ̀ àti ilá. Nígbà tí tẹmọ́mítà bá ń kà 18°C láàárọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún tẹ̀lé ara wọn, ẹ wọ́n tẹ̀tẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta bí Ewéko ṣe wí, kẹ́ ẹ rẹ hóró ilá sínú omi mọ́jú, kẹ́ ẹ sì gbìn ín láàárọ̀ ọjọ́ kejì, hóró méjì sójú kan, ní 2 sẹ̀ǹtímítà sínú ilẹ̀.